Ọjọ́ Tí Ó Wà Nínú Ìwé Àdéhùn Mi

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Òkè-Ìléwó, ní Abẹ́òkúta. Ọdọọdún ni mo ń buwọ́ lu ìwé àdéhùn ọlọ́dún kan, ṣùgbọ́n iye owó oṣù nìkan ni ojú mi máa ń wá nínú rẹ̀. Ìwé kẹta parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá; ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò béèrè, mo ṣì ń wọ ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá láràárọ̀, wọ́n sì san owó oṣù Kìn-ín-ní fún mi. Nígbà tí oṣù Kejì ń lọ sópin ni ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá mi dúró, tí kò lè wò mí lójú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n ní kí n gba káàdì ọwọ́ yín.”

Mo ti ń ka àwọn tí mo rò pé wọ́n rojọ́ mi fún ọ̀gá kí n tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Ìbarà. Bàbá náà kò béèrè ọ̀tá mi rárá. Ó tẹ ìka mọ́ ọjọ́ tí àdéhùn parí, ó ní òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, abala 9, sọ pé àdéhùn tó ní gbèdéke ń parí nígbà tí gbèdéke rẹ̀ bá pé. Èyí kì í ṣe ìlénilẹ́nu iṣẹ́, kò sì di dandan kí agbanisíṣẹ́ tún un ṣe, bí ó ti wù kí òṣìṣẹ́ já fáfá tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó ní tí wọ́n bá lé mi láìtọ́ láàárín ọdún ni ǹ bá máa béèrè owó oṣù tó kù.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí n kò kà sí: “Ọjọ́ mélòó lo fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yìí?” Nítorí pé wọ́n jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì sanwó, ilé-ẹjọ́ lè gbà pé àdéhùn àtijọ́ ṣì ń bá a lọ, nítorí náà wọn kò lè fẹnu lásán lé mi. Abala 11 fún ẹni tó ti lo ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún, ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìwé. Ẹni tó pé ọdún márùn-ún ní oṣù kan. Akọ̀wé àti àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni òfin yìí ń dáàbò bò. Àwọn ọ̀gá àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ní láti wo ìwé àdéhùn tiwọn.

A kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, láìsí èébú, mo sì so ẹ̀dà ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ méjì àti owó ìsinmi ọdún tí n kò lò, ṣùgbọ́n wọn kò dá iṣẹ́ padà.

Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fàyè gba ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, láti gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Mo yẹ àkọsílẹ̀ àpò tèmi wò, mo rí i pé owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì tí wọ́n yọ lára owó oṣù mi kò tíì débẹ̀. Lẹ́tà kejì nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ dé ní oṣù Karùn-ún, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san án.