Àwọn Tí Kane Dá Padà Ni Chance Kó Mọ́ra

Bí àwọn olólùfẹ́ fíìmù kábọ́ì bá ti péjọ, kì í pẹ́ rárá tí àríyànjiyàn lórí High Noon àti Rio Bravo fi ń bẹ́ sílẹ̀. Fíìmù méjèèjì dá lórí agbófinró ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn apànìyàn ń bọ̀ wá bá jà, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yàtọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀kan sábà máa ń fẹ́ dá èkejì lẹ́bi. Mo ti tẹ́tí sí ìhà méjèèjì dáadáa, mo sì gbà pé wọ́n ń fi ibi tó dára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọdún 1952 ni High Noon jáde, Fred Zinnemann ló darí rẹ̀. Gary Cooper ló ṣe Will Kane, olórí agbófinró Hadleyville, tó gbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tó sì ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ìròyìn tó dé pé wọ́n ti dárí ji Frank Miller, ọ̀daràn tí Kane fúnra rẹ̀ mú, àti pé ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan ló ń gbé e bọ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti ń dúró dè é ní ìdíkọ̀. Fíìmù náà kò tó wákàtí kan àtààbọ̀, aago tó wà lára ògiri nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá aago ọwọ́ ẹni tó ń wò ó rìn dọ́gba. Nínú ìwọ̀nba àsìkò yẹn, Kane ń ti ilé dé ilé, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun dúró. Adájọ́ tó dá Miller lẹ́bi ń di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fara pamọ́ sínú yàrá, ó ní kí ìyàwó òun sọ pé òun kò sí nílé.

Ìran inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kà sí ọkàn fíìmù náà. Kane wọlé láàárín ìsìn, ó sọ ohun tó ń bọ̀, àwọn kan sì dìde láti tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò. Oníkálukú sọ tirẹ̀: ọ̀kan ní owó orí tí àwọn ń san ni wọ́n fi ń gba agbófinró, ìjà náà kì í ṣe tàwọn, ọ̀kan ní àárín Kane àti Miller nìkan ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ Kane, ó yìn ín, ó ní kò sí agbófinró tó dára tó o rí, ó sì wá fi kún un pé àwọn ará Àríwá ń gbèrò láti fowó dá ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà, pé bí ìbọn bá dún lójú pópó, wọn yóò sá, nítorí náà ohun tó dára jù ni kí Kane máa lọ. Ìyìn ni ọkùnrin náà fi ta á nù. N kò tíì rí fíìmù mìíràn tó fi bí àwọn ènìyàn rere ṣe ń ya ojo hàn kedere báyìí, láìsọ ẹnikẹ́ni nínú wọn di ẹni burúkú.

Carl Foreman tó kọ ìtàn náà mọ ohun tó ń sọ. Lásìkò tí wọ́n ń ya fíìmù náà lọ́wọ́ ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń wá àwọn kọ́múníìsì kiri pè é. Ó kọ̀ láti dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ríṣẹ́ ṣe ní Hollywood mọ́, ó sì kó lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. John Wayne, òṣèré fíìmù kábọ́ì tó lókìkí, kórìíra fíìmù náà gan-an, ó sì sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn Playboy ní ọdún 1971 pé kò sí ohun tó lòdì sí ìwà ọmọ Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní Cooper ju báàjì sílẹ̀ ní ìparí, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: Kane ju báàjì sínú eruku lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wayne yìí kan náà ló sì bá Cooper gba àmì ẹ̀yẹ Oscar tí fíìmù yìí mú wá fún un ní ọdún 1953, nígbà tí Cooper kò sí níbẹ̀.

Howard Hawks, tí òun náà jẹ́ olùdarí fíìmù, gba ọ̀nà tirẹ̀ fèsì sí High Noon. Ó ní agbófinró tó mọṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa sáré káàkiri ìlú kí ó máa bẹ aráàlú, ó sì ṣe Rio Bravo ní ọdún 1959, níbi tí Wayne ti jẹ́ Chance, agbófinró tó ti apànìyàn kan mọ́lé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olówó sì ń kó àwọn abìbọn jọ láti gbà á sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ Chance kan fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́, ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jà kú lásán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ọ̀hún.

Nítorí èyí ni àwọn tó fẹ́ràn Hawks ṣe ń sọ pé Chance kò tọrọ ìrànlọ́wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Dude, tí Dean Martin ṣe, jẹ́ ọ̀mùtí tó rẹlẹ̀ débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀, ó ti fẹ́ tọwọ́ bọ inú abọ́ tí wọ́n ń tutọ́ sí láti mú owó tí ẹnì kan jù sínú rẹ̀. Stumpy jẹ́ arúgbó tó yarọ. Colorado ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ wá padà sí High Noon. Ta ni ó wà nílẹ̀ fún Kane? Jimmy, ọ̀mùtí olójú kan, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun láyè láti bá a jà; Kane fún un lówó ọtí, ó ní kó máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Kane dá a padà. Agbófinró àgbà tí àìsàn oríkèé ti bá ọwọ́ rẹ̀ jà sọ pé ẹrù lásán lòun máa jẹ́, Kane kò sì rọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀mùtí, ọ̀dọ́, arúgbó: àwọn tí Hadleyville kò kà sí ni Hawks kó jọ tó fi di ọmọ ogun. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, ìdáhùn tó wà nínú fíìmù rẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí tó fẹnu sọ lọ.

N kò bá Kane wí nítorí ìyẹn. Ọmọdé ni ọmọdé, kò sì sí àsìkò láti wo ọ̀mùtí sàn. Chance ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, fíìmù rẹ̀ sì gùn ju wákàtí méjì lọ, a sì ń rí ọwọ́ Dude tó ń gbọ̀n títí tí kò fi gbọ̀n mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwọn tí Gunsmoke, eré kábọ́ì orí tẹlifíṣọ̀n, tọ́ dàgbà ń fẹ́ràn Rio Bravo jù. Ogún ọdún gbáko, láti 1955 sí 1975, ni James Arness fi ṣe Matt Dillon, agbófinró Dodge City, nínú eré yẹn, Wayne ló sì jáde wá fi ìpín àkọ́kọ́ han àwọn òǹwòran. Wọ́n ti mọ́ àwọn ará Dodge City lára, wọ́n fẹ́ jókòó tì wọ́n.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, High Noon ni n ó mú. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú kì í ṣe ojo, ọwọ́ kan kò ṣáà gbé igbá dé orí. Àwọn ará Poland lóye èyí nígbà tí Solidarność, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń tako ìjọba kọ́múníìsì, fi àwòrán Cooper pe àwọn ènìyàn jáde láti dìbò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ọdún 1989, tí wọ́n yọ ìbọn kúrò, tí wọ́n sì fi ìwé ìdìbò sí i lọ́wọ́.

Ó ku ẹ̀sùn kan tí Hawks fi kàn án: ó ní ìyàwó Kane ló gbà á là nígbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kì í ṣe Feathers, obìnrin tí Chance fẹ́ràn nínú Rio Bravo, ló ju ìkòkò òdòdó gba ojú fèrèsé nígbà tí àwọn abìbọn ká Chance mọ́, tí Colorado fi ráyè ju ìbọn sí i? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Feathers kò pàdánù ohunkóhun. Amy, tí Grace Kelly ṣe, wà nínú ìjọ Quaker, àwọn Kristẹni tó lòdì sí ìjà àti ogun, nítorí pé ìbọn ló pa bàbá àti arákùnrin rẹ̀, ó sì ti sọ fún Kane pé bí ó bá dúró jà, òun yóò bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Òun ló gbé ìbọn, tó ti ojú fèrèsé yìn ín lu ẹnì kan lẹ́yìn. Nínú gbogbo ìbọn tó dún nínú fíìmù méjèèjì, kò sí èyí tó ná ẹni tó yìn ín tó bẹ́ẹ̀.