Ilé Inú Fọ́tò Yẹn Kọ́ Ni Mo Gbé Fún Ọdún Mọ́kàndínlógún

Ọmọ ìjọ wa kan ló kọ́kọ́ rí ilé mi tí mo fẹ́ tà lórí Rightmove, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé ní England, ló bá fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, fọ́tò ilé mi mẹ́rìndínlógún ti wà lórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò béèrè àlàáfíà. Ó ní, "Ṣé ààfin lo ń gbé láti ọjọ́ yìí, tí o ń sọ fún wa pé owó ò sí?" Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí.

Plumstead ni ilé náà wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ògiri ẹnìkan jẹ́ ògiri aládùúgbò rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi fi mọ́géèjì, ìyẹn owó tí báńkì yá wa, rà á ní ọdún 2006. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ ti kó lọ sí ilé wọn, orúnkún mi ò sì gbà kí n máa gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ tà á. Ní kíṣìnì wa, bí o bá ṣí ilẹ̀kùn ófùnù, fírìjì kò ní ṣeé ṣí. Bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fara ti ògiri kí ẹnìkejì tó kọjá. Nínú fọ́tò, kíṣìnì kan náà dà bí ibi tí wọ́n ti lè se oúnjẹ ìnáwó.

Ojú mi ni wọ́n ṣe ya àwọn fọ́tò náà. Ejẹ́ǹtì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá nínú oṣù Kẹta. Ó gbé kámẹ́rà ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tì í mọ́ igun yàrá pátápátá, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìbàdí. Irú ojú kámẹ́rà tó lò ń kó gbogbo yàrá pọ̀ láti ògiri dé ògiri, ó sì ń ti ohun tó wà ní ọ̀ọ́kán jìnnà, tí àyè àárín á fi dà bí èyí tó gbòòrò. Ó tan gbogbo iná ilé lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí n dé ọmọrí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n gbé garawa ìdalẹ̀nù pamọ́, kí n sì wa mọ́tò mi kúrò níwájú ilé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run dúdú. Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú ọ̀run ti mọ́ kedere, koríko ẹ̀yìnkùlé sì tutù yọ̀yọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pààrọ̀ ojú ọ̀run.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kámẹ́rà. Ejẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá, ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ lè fi ojú inú rí ara rẹ̀ nínú ilé, bó bá sì jẹ́ àwa ló rí, kò ní rí ara rẹ̀. Fọ́tò Bàbá mi nínú agbádá ẹtù wà lókè àga ní pálọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí a kó débẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wa, ti ọjọ́ tí àwọn ọmọ gboyè jáde, gbogbo wọn. Fíríísà ńlá inú kọ́rídọ̀, àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa abẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n kúrò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi kun pálọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Ó ní kí n fi ọ̀dà funfun bò ó. Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ fún mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ní ọjọ́ tí àwọn olùrà bá ń bọ̀, kí n má se oúnjẹ olóòórùn. Irú àti pánla ló ní lọ́kàn. Mo ní mo ti gbọ́.

Kò bú mi o. Gbogbo onílé ni wọ́n ń sọ irú rẹ̀ fún, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Aládùúgbò mi tó jẹ́ òyìnbó kó ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó ya tiẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́gbọ́n orí. Síbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tí mo kun pálọ̀ yẹn ni funfun, mo jókòó sórí ilẹ̀ nítorí pé wọ́n ti gbé àga kan lọ, mi ò sì rí ibi kankan tí mo lè wò nínú ilé tí mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo háyà yàrá ìkẹ́rùsí, mo kó ẹrù wa síbẹ̀, mo sì ń sanwó lórí rẹ̀ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi dojú kọ irin nínú yàrá aláìní fèrèsé.

Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá wo ilé, onílé kì í jókòó dè wọ́n. Ejẹ́ǹtì sọ pé kí n jáde, pé ojú máa ń ti àwọn olùrà bí ẹni tó ni ilé bá wà níbẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ibùdókọ̀ kan wà ní ọ̀kánkán ilé. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí mo wọ kóòtù, tí mo ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa kọjá. Mò ń wo àwọn tí mi ò mọ̀ rí tí wọ́n ń wọlé mi, iná yàrá mi á tàn, á kú, wọ́n á jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n síwájú jáde, ó kọjá lẹ́bàá mi, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé inú ilé náà kéré ju ti fọ́tò lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ lójú. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Ó wù mí kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé èmi ni.

Ti ilé lọ́hùn-ún, ní Nàìjíríà, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí ẹ ò mọ̀. Ẹ mọ ejẹ́ǹtì tí ń gbowó kó tó mú ni lọ wo ilé, ẹ mọ fọ́tò ilé Lẹ́kí tí wọ́n fi ń polówó ilé Ìkòròdú. Ẹ mọ àwọn tí ń kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, nítorí àwọn tó ń ta ilé onílé. Ẹ mọ ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ajagungbalẹ̀ tí ìjọba Èkó ṣòfin lòdì sí ní 2016, àti ọwọ́ gómìnà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978. Mi ò ní pe èyíkéyìí nínú wọn ní ohun rere.

Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá aládùúgbò wa ní Òkè-Àdó ta ilé rẹ̀, mo ti dàgbà tó láti rántí. Ìgbà mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ rà á wá. Ó jókòó ní pálọ̀ màmá, lábẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wọ́n gbé àmàlà síwájú rẹ̀. Ó béèrè bóyá omi ń wọ ẹ̀yìnkùlé, bóyá ìjà wà láàárín àwọn ọmọ lórí ilé náà. Ó tún wá bá Bàbá mi láti bi í ní ìbéèrè kan náà. Bàbá sọ òótọ́ fún un pé omi ń wọ ẹ̀yìnkùlé bí òjò bá pọ̀. Ọkùnrin náà yọ díẹ̀ kúrò nínú owó, ó rà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Títí tí màmá fi kú, ọkùnrin náà ń kí i lọ́dún.

Ìbéèrè omi yẹn, ìwé ni mo fi dáhùn rẹ̀ níbí. Fọ́ọ̀mù kan wà tí àwọn lọ́yà ń pè ní TA6. Ó béèrè bóyá omi ti ya wọlé rí, bóyá èmi àti aládùúgbò ti jà rí, bóyá koríko Japan kan tó ń jẹ ògiri wà lẹ́yìnkùlé, bóyá ìwé ẹ̀rí wà fún fèrèsé tí a pààrọ̀. Ìwé mìíràn wà tó ń sọ bí ilé ṣe ń pa ooru mọ́, láti A dé G, ọdún 10 ló fi ń ṣiṣẹ́. D ni tiwa gbà. Lẹ́yìn ọdún 19 nínú ilé yẹn, mo tún gbé pásípọ́ọ̀tù lọ fi han ejẹ́ǹtì pé èmi ni èmi. Mi ò bínú sí ìyẹn o. Ìwé ni kò jẹ́ kí a máa kọ nǹkan sára ògiri níbí. Ẹnikẹ́ni lè san pọ́ùn díẹ̀ fún Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, kí ó rí orúkọ ẹni tó ni ilé. Kò sì túmọ̀ sí pé olè ò sí: ní 2021, ìròyìn sọ ọ́ pé pásítọ̀ kan padà sí ilé rẹ̀ ní Luton, ó bá a pé wọ́n ti tà á lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti forúkọ sílẹ̀ kí Land Registry máa ta mí lólobó bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ìwé ilé mi. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ owó, tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi náírà ṣírò. Ejẹ́ǹtì mẹ́ta ló wá díye lé ilé. Méjì ní £420,000, ẹnì kẹta ní £450,000. Ẹnì kẹta ni mo gbà gbọ́, mo sì fọwọ́ sí i pé mi ò ní gbé e fún ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n dín in kù. Tọkọtìyàwó kan gbà láti rà á nínú oṣù Kárùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n ní àwọn ò rà á mọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ ra tiwọn ti yí ọkàn padà. Ní England, adéhùn kò de ẹnikẹ́ni títí àwọn lọ́yà yóò fi pààrọ̀ ìwé. A wá tà á ní £412,000. Ejẹ́ǹtì gba ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £6,180, owó orí £1,236 sì gun orí rẹ̀. Lọ́yà gba tirẹ̀. Báńkì gba mọ́géèjì tó kù, tí a ti yá kún lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí òrùlé ń jò, àti nígbà tí a sin Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú níbi òkú náà. Kò mọ̀ pé inú ilé yìí ni owó màlúù ti wá. Mi ò sọ fún un nígbà náà, bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀bi tèmi wà.

Mo fi àwòrán ìwọ̀n ilé ránṣẹ́ sórí WhatsApp, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn gbogbo fọ́tò. Òun nìkan ni kámẹ́rà ò lè nà. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo wá bẹ àbúrò mi pé kó mú tépù, kó wọn pálọ̀ Bàbá ní Ìbàdàn fún mi. Ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 14. Tèmi, 11 sí 10. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Mo ní kí ló fẹ́ kí n bínú sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó èyí tó kù nínú owó náà wálé, kí n fi kọ́lé, pé àjò ò dùn kónílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń sunkún ilé ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mi ò sanwó rẹ̀ níbí láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì wà ní Gillingham, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí fúláàtì ìsàlẹ̀ tí mo rà. Ta ni mo máa bá gbélé tí mo bá kọ́ ọ sí Ìbàdàn? Àwọn tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti kú tán, àfi ẹni méjì. Mi ò sá kúrò nílé. Ibi tí àwọn tó nílò mi wà ni mo lọ.

Ọjọ́ tí mo kó jáde, ilé náà ṣófo, ó wá dà bí fọ́tò yẹn gẹ́lẹ́, tòun ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni mo gbé lọ sí ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì, ọmọdébìnrin kan fi í sínú àpòòwé. Mi ò rí àwọn tó rà á títí tó fi parí. Nítorí náà, mo ti kọ ìwé sílẹ̀ fún wọn lórí kàǹtà kíṣìnì. Mo ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè díẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Mo ní màmá ará Jàmáíkà tó wà ní ilé òsì máa ń bá èèyàn gba ẹrù, kí wọ́n máa kí i dáadáa. Mo ní igi pọ́lọ́mù ẹ̀yìnkùlé máa ń so nínú oṣù Kẹjọ, ọkọ mi ló gbìn ín. Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀, èyí tí Bàbá sọ mí, tí kò sí nínú ìwé ilé.