Ta Ló Kọ́ Ajá Ní Fèrè?

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní fèrè náà rí. Bí ẹ bá fẹ́ máa mú ajá jáde, ìpè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ. Fèrè sàn ju ẹnu lọ, torí pé bínú bá ń bí yín, fèrè ò ní fi hàn.

Inú ilé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó jẹun. Ẹ gé ẹran sísè wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná lọ. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fún un lẹ́ran lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́. Tó bá ti ń sáré wá láìṣiyèméjì, ẹ mú un lọ sí pápá tó dákẹ́, pẹ̀lú okùn mítà 10. Àyà ni kẹ́ ẹ so okùn yẹn mọ́ o, kì í ṣe ọrùn. Bó bá ń sáré tí okùn sì tán lójijì, ó lè ṣe é léṣe lọ́fun.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pàṣán. Ajá lé ewúrẹ́, wọ́n pè é títí, ó dé, wọ́n nà án. Kò mọ̀ pé torí ewúrẹ́ ni. Wíwá tó wá ló rò pé òun jìyà lé lórí. Lọ́la, òkèèrè ni yóò ti máa wò yín. Bákan náà, ẹ má fọn fèrè kìkì nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sílé. Ẹ pè é, ẹ fún un lẹ́ran, kẹ́ ẹ tún jẹ́ kó lọ ṣeré.

Oòrùn ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé títì ọlọ́dà fún ìṣẹ́jú-àáyá 7: bí ọwọ́ ò bá gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ò ní gbà á. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ rẹ̀ ń fà, ẹ gbé e síbòji, ẹ da omi tútù sí i níkùn àti nítan, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wá eégbọn láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú etí àti lábẹ́ ìdè ọrùn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un súnmọ́ awọ, kẹ́ ẹ fà á tààrà. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i: ó ń jó awọ, ajá á sì lá a.