Ẹnjiníà ni mí, obìnrin ni mí: ohun tí ojú mi rí ní Nàìjíríà àti ní Jámánì

Nínú ìkéde iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kà ní Jámánì, ohun tó dá mi dúró ni lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n kọ sẹ́yìn orúkọ iṣẹ́ náà: m/w/d. Mo rò pé orúkọ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ni. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ ló tú u fún mi: ọkùnrin, obìnrin, tàbí ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé wá. Ẹ̀rín pa mí. Èdè wọn ló kó wọn sí wàhálà yẹn. Bí ẹnjiníà bá jẹ́ ọkùnrin, Ingenieur ni; bó bá jẹ́ obìnrin, Ingenieurin ni, wọ́n á sì máa dààmú kí wọ́n má baà dárúkọ ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, "ó" kan náà la fi ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, ẹnjiníà sì ni ẹnjiníà. Síbẹ̀, nílé tí èdè ò ti yà wá sọ́tọ̀ yìí, mo ti fojú ara mi rí ìkéde iṣẹ́ tó sọ ọ́ gbangba pé ọkùnrin làwọn ń wá, kò sì gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní yunifásítì. Mo fi ọdún mẹ́fà ṣe é ní Nàìjíríà. Ọdún 2018 ni mo dé Jámánì, mo tún fi ọdún méjì kàwé sí i, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ń bi mí pé ibo ló sàn fún obìnrin tó ka sáyẹ́ǹsì ti mú ìdáhùn dání kí wọ́n tó béèrè: wọ́n fẹ́ kí n sọ pé Jámánì. Bó bá jẹ́ ti àtirí iṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn. Bó bá wá kan ohun tójú obìnrin ń rí lẹ́yìn tó bá ti ríṣẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ ná. Ní Nàìjíríà, SIWES tó ń gbé ọmọ sáyẹ́ǹsì lọ sílé iṣẹ́ kó tó gboyè ti wà láti 1973. Ọdún yẹn náà ni ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́fà tí mo fi ṣe SIWES, mẹ́ta ni mo fi ń ṣe fọ́tókópì fún ọ̀gá. Mo sin ilẹ̀ bàbá mi pẹ̀lú ₦19,800 lóṣù (ó ti di ₦77,000 báyìí), ọjọ́ tí mo sì bọ́ aṣọ káàkí sílẹ̀ lowó náà dúró. Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ kan wà tí mo lọ, gbọ̀ngàn kún, wọ́n to àwa yòókù sórí pápá lábẹ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ àyè tí wọ́n fẹ́ dí ò pé ogún. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì mí ní lẹ́tà sẹ́nétọ̀ kan nínú fáìlì rẹ̀. Ó fi hàn mí, kò tiẹ̀ fi pamọ́. Bébà ìdánwò kan náà ni wọ́n pín fún àwa méjèèjì.

Kíláàsì wa ju ọgọ́ta lọ. Mo jókòó kà wọ́n lọ́jọ́ kan lórí WhatsApp: àwọn tó ń fi iná mànàmáná jẹun ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Báńkì kó àwọn kan sídìí káńtà, àwọn kan ń tajà, ọ̀pọ̀ ti jápa bíi tèmi. Àwọn tó yà sídìí kọ̀ǹpútà ni nǹkan ṣẹnuure fún jù. Andela bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwìà, ó sì ń so wọ́n mọ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè. Lọ́dún 2020, Stripe, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, ra Paystack, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Nàìjíríà, ní owó tó lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí ilé iṣẹ́ MainOne nà wá sí Èkó lọ́dún 2010 wà lára ohun tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró, obìnrin tó kàwé iná mànàmáná ní Ifẹ̀, Funke Opeke, ló sì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ará Jámánì tó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn la ti kọ́kọ́ gbọ́ pé obìnrin lè ṣe ẹnjiníà.

Ní Jámánì, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn, ó kéré tán nígbà tí mo dé. Ẹni tó bá gboyè ní yunifásítì wọn, oṣù 18 ni òfin fún un láti wá iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu, ó sì lè máa ṣe iṣẹ́ mìíràn jẹun títí yóò fi rí i. Láti oṣù Kẹfà 2024 ni wọ́n tún ti ní Chancenkarte, ìwé ìwọ̀lú fún ẹni tó fẹ́ wá wáṣẹ́, tí wọ́n ń fi máàkì ṣírò: ọjọ́ orí, èdè, ìrírí. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pé mẹ́fà lè wọ̀lú wá fi ọdún kan wáṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta lo mọ̀. Èdè ni wọ́n máa bi ọ́. Lẹ́tà 63 ni mo kọ, mo sì gba ìdáhùn tó ní "leider" ("ó ṣeni láàánú") nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń pa fóònù dé. Ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé, wọ́n fò ó bí ẹní fo kòtò. Ipò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni wọ́n fún mi. Orí gírídì tó ń dákú ní ọ̀sán gangan ni mo ti kọ́ṣẹ́ o. Ẹni tí kò rí i kí gírídì kú lójú rẹ̀ rí ló wá ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó.

Kí ẹni tó ń bọ̀ sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ń yí: ní oṣù Kejìlá 2024, Volkswagen kéde pé iṣẹ́ tó lé ní 35,000 yóò dín kù títí di 2030.

Ó yá, ọ̀rọ̀ obìnrin.

Íntáfíù àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní Èkó, ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Ẹni àkọ́kọ́ bi mí nípa tiransifọ́mà, mo dáhùn. Ẹnì kejì bi mí nípa tiransifọ́mà, mo dáhùn. Ẹnì kẹta yẹ sívì mi wò, ó ní, "Ìwọ ọmọge yìí, ìgbà wo lo máa lọ́kọ?" Nígbà tí mo fi máa wá iṣẹ́ kejì, mo ti lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n bọ́ òrùka kí n tó wọlé. Mo bọ́ ọ, mo fi sínú báàgì, mo jókòó, wọ́n wá na fọ́ọ̀mù kan sí mi pé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá mo ti lọ́kọ tàbí n kò tíì ní.

Ní Jámánì, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo ń sọ ìtàn ara mi lọ, mo ti fẹ́ẹ́ mẹ́nu ba ọmọ mi, ló bá na àtẹ́lẹwọ́ sí mi bí ọlọ́pàá ojú títì: "Ẹ jọ̀ọ́, kò yẹ ká gbọ́ ìyẹn." Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 ló ń bẹ̀rù. Lórílẹ̀-èdè yẹn, bí agbanisíṣẹ́ bá bi obìnrin bóyá ó lóyún, ilé ẹjọ́ ti gbà pé obìnrin náà lè purọ́ fún un. Mo ní kí wọ́n tún un sọ kó yé mi dáadáa. Irọ́ tí òfin fọwọ́ sí!

Òfin tiwa náà ò yadi. Abala 17 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí owó dọ́gba fún iṣẹ́ tó dọ́gba, láìwo akọ tàbí abo. Àmọ́ orí kejì ìwé náà ni wọ́n fi í sí, orí tí èèyàn ò lè torí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òfin iṣẹ́ wa tún wà tó ní obìnrin ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfi nọ́ọ̀sì àtàwọn tó wà nípò ọ̀gá. Mo ti fẹ́ máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, títí mo fi ka ti Jámánì. Títí di 1977, òfin Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní aya lè ṣiṣẹ́, bí kò bá ti dí ojúṣe rẹ̀ nílé lọ́wọ́. Ọdún 1992 ni ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin tó ń dí òṣìṣẹ́bìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ òru. Ìyá ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti dàgbà nígbà yẹn.

Ní sáìtì nílé, gáàdì ẹnu géètì á kọ́kọ́ bi mí pé, "Àǹtí, ta lẹ wá rí?" Mo ní èmi ni ẹnjiníà tí wọ́n ń retí. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnjiníà ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mọ̀ mí, ó parí: "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ mà." Àwọn oníwáyà tí wọ́n tó bàbá mi á dúró gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó tan ohunkóhun. Ipò ti bo obìnrin mọ́lẹ̀. Ní Jámánì, kò sí mà, kò sí sà, orúkọ àbísọ la fi ń pe ọ̀gá pátápátá. Mo gbádùn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí èmi àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan, ọmọ ọdún 19, lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ọkùnrin náà bọ ọmọ lọ́wọ́, ó dojú kọ ọ́, ó ń ka ìṣòro ẹ̀rọ rẹ̀ fún un. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó ń fi orí júwe mi. N kò ní "Ẹnjiníà" níwájú orúkọ tí mo lè fi dí olúwarẹ̀ lẹ́nu. Nínú yàrá ìpàdé, a máa ń tó méjìlá. Èmi nìkan lobìnrin, èmi nìkan ni dúdú. Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, n kì í mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbà á mọ́ lẹ́nu.

Ti owó, Jámánì borí. Lóòótọ́, lọ́dún 2024, ohun tí obìnrin ń gbà fún wákàtí kan fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọkùnrin. Bí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ kan náà àti ìrírí kan náà wéra, ó ń kù sí nǹkan bíi 6. Ṣùgbọ́n òfin 2017 ní bí òṣìṣẹ́ bá ju 200 lọ níbi iṣẹ́, obìnrin lè béèrè iye tó wà láàárín gbùngbùn ohun tí àwọn ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà. Mo béèrè. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn, iye tó wà níbẹ̀ sì ju tèmi lọ. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Kò bínú, kò sì sọ púpọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n fi kún un. Ọ̀gá mi àtijọ́ nílé? Mi ò bá má tíì jókòó tán kó tó bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Ọmọ bíbí ló da gbogbo ìṣirò mi rú. Nàìjíríà ni mo bí àkọ́bí mi sí. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ fún abiyamọ, owó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ mi fún mi. Ìyá mi kó wá bá mi, mo sì padà sí sáìtì pẹ̀lú ọmú tó ń jò sínú aṣọ iṣẹ́. Ó nira, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan, nílé tàbí lọ́fíìsì, tó bi mí pé ṣé mo ṣì fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Ká ní mo jókòó sílé ni wọn ì bá máa bi mí kí ló ṣe mí. Ọdún kejì, wọ́n fi mí ṣe olórí èèyàn mẹ́jọ.

Jámánì ni mo bí ìkejì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, owó mi ò dín kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Elterngeld, owó tí ìjọba ń san fún òbí tó ń tọ́jú ọmọ nílé, nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún mi, kò sáà ní ju 1,800 yúrò lọ lóṣù. Mo lè wà nílé fún ọdún mẹ́ta kí iṣẹ́ mi má sì bọ́. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé, wọ́n á ní kí n má tan àwọn jẹ. Àmọ́ ẹ wá wo ọmọ Jámánì tí tábìlì wa dojú kọra. Ìṣirò rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó bí ọmọ méjì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n kàn ń fi ìpàdé tó ṣe kókó sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, aago mẹ́rin sì ni wọ́n ń ti ilé ìtọ́jú ọmọ. Láti 2013 lòfin ti ní ọmọ tó bá ti pé ọdún kan lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè níbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá la fi dúró de tiwa. Nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kì í ṣe odidi wákàtí iṣẹ́, nílẹ̀ tí onímọ̀ fíṣíìsì, Angela Merkel, fi ọdún 16 ṣàkóso. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe abiyamọ tó bá yára padà síbi iṣẹ́: Rabenmutter, ìyá ẹyẹ ìwò. Mo wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ títí ní Yorùbá, n kò rí. Bí wọ́n bá lè fi ìyá mi kún òfin Jámánì, mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Oṣù 12 ni Elterngeld, ó ń di 14 bí òbí kejì náà bá gba méjì níbẹ̀. Ọkọ mi gba oṣù méjì. (Nílé, ọjọ́ 14 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún àwọn bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.) Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá rẹ̀ pè lórí fídíò ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, wọ́n rí i tó gbé ọmọ kọ́ àyà pẹ̀lú ṣòkòtò ilé. Wọ́n ní kó gbé fóònù fún mi.

"Ìyàwó mi, má fi pamọ́ fún mi o. Ṣé wọ́n ti lé e níṣẹ́ ni?"

Mo ní rárá mà, ọmọ ló ń tọ́jú, òfin ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n sì ń sanwó fún un?"