Ẹ yí páálí oògùn ojú yẹn wò kẹ́ ẹ tó kán an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré wọ kẹ́míìsì tójú bá ti pọ́n, ẹ dákun ẹ gbọ́ tèmi, torí inú mi ò tíì rọ̀ rárá.

Àkàrà ni màámi ń dín l'Ójòó, èéfín lójoojúmọ́, ọyẹ́ tún wá gbé eruku dé, ojú wọn ń pọ́n ó sì ń ta wọ́n. Kẹ́míìsì kan ta oògùn ojú fún wọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ojú ti mọ́ kedere. Bó ṣe ń tán ni wọ́n ń ra òmíràn, ó di ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó ń tà á ò bi wọ́n ní nǹkankan.

Ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ kọ àga nínú ilé ara wọn ni mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú kan, "Màmá, ẹ máa wo imú mi o, tẹ́ ẹ bá ti rí ìka mi ẹ sọ." Ó ń gbé ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, èmi tí mo jókòó lẹ́yìn ń rí i, màámi ní "Ṣé ẹ ti gbé e wá ni, dókítà?" Ìka yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú wọn o! Àyà mi já. Wọ́n wọn ìfúnpá ojú, ìyẹn bí omi inú ojú ṣe ń tì í látinú, 10 sí 21 ló yẹ kó wà, tiwọn ti lé ní 40. Gùlókómà, àìsàn tó ń ba iṣan tá a fi ń ríran jẹ́. Ìríran tó ti lọ ò lè padà mọ́. Wọ́n fún wọn ní timolol, ìfúnpá ti wálẹ̀, a dúpẹ́.

Dexamethasone ló wà nínú ìgò yẹn, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ ka páálí! Tẹ́ ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, ó ń mú pípọ́n lọ àmọ́ ó lè gbé ìfúnpá ojú ga tó bá pẹ́, ẹ má kán an àfi tí dókítà ojú bá kọ ọ́ tó sì ń wọn ìfúnpá ojú yín. Chloramphenicol àti gentamicin, kòkòrò bakitéríà ni wọ́n ń pa, kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú èéfín? Naphazoline, iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ló ń fún pọ̀ kí pípọ́n lè lọ, tẹ́ ẹ bá ń kán an ṣáá ojú á tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Ojú tó kàn gbẹ, hypromellose tàbí carboxymethylcellulose ni, wọ́n dà bí omijé.

Mi ò sọ pé gbogbo kẹ́míìsì ló burú o, ẹ má wá bá mi jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ojú ń bàjẹ́? Bójú ṣe ń bàjẹ́ yẹn, kò dun màámi rárá. Ẹ ṣáà ka páálí, ẹ wá "-sone" tàbí "-lone" yẹn.

Ẹni tó bá ti ń kán an tipẹ́, kó mú ìgò náà dání lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí, UCH n'Ìbàdàn wà níbẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ní ikọ́ fée, ẹ tètè sọ kí wọ́n tó kọ timolol fún yín, ó lè mú mímí nira.