Kí Ló Ń Ṣe Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ eré àtìgbàdégbà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá ìtàn, níbi tí àwa òǹkọ̀wé ti ń jókòó kọ eré tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Obìnrin ni mí, èmi gan-an ni mo sì kọ ọ̀kan lára àwọn ìran tó fìyà jẹ obìnrin lásán jù lọ tí mo tíì rí nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kejì mi nídìí iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n wá nǹkan tí a ó fi gé eré lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nǹkan tí kò ní jẹ́ kí òǹwòran gbàgbé wa títí ọ̀sẹ̀ tuntun á fi bẹ̀rẹ̀. Mo wo àwọn ẹ̀dá ìtàn tó wà nílẹ̀, mo mú ìyàwó ilé kan tó ti ń rìn wọlé rìn jáde fún oṣù mélòó kan láìrí nǹkan gidi ṣe. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ gbá a létí, kó ṣubú lu àga. Kámẹ́rà á wá dúró sójú ọkọ, àbámọ̀ á kún ojú rẹ̀, orin á wọlé, ó parí.

Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Ọ̀gá wa, obìnrin tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ̀wé kà, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún padà sójú ewé àkọ́kọ́. Wọn ò ní kò dáa. Wọ́n kàn bi mí pé, "Àbúrò, kí ló ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?"

Mo ní, "Ta ni, mà?"

"Obìnrin tí wọ́n gbá létí."

Mi ò mọ̀. Ohun tí ọkọ ń ṣe lọ́jọ́ Ajé ni mo mọ̀: ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún, ó ròyìn bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń lù ú ní kékeré. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin fún un, ó dùn ún kà. Ẹni tó jẹ ìgbátí kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ìbéèrè ọ̀gá wa yẹn ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ sọ, abẹ́ rẹ̀ ló wà.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ọkùnrin ló dá irú eré yìí sílẹ̀, pé ìdí nìyẹn tó fi ń fojú obìnrin gbolẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1930, lórí rédíò WGN nílùú Chicago, obìnrin kan tó ń jẹ́ Irna Phillips kọ Painted Dreams, ìtàn opó kan àti ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ bíi Procter & Gamble bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé irú eré bẹ́ẹ̀ lórí, torí obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ ilé ló ń gbọ́ ọ, òun náà ló sì ń ra ọṣẹ. Ibẹ̀ ni orúkọ "soap", ìyẹn ọṣẹ, tí àwọn Òyìnbó ń pe irú eré wa yìí ti wá. Nígbà tí Coronation Street bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960, Ena Sharples, Elsie Tanner àti Annie Walker wà lára òpó tó gbé e dúró, àwọn obìnrin tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé obìnrin ló wọ́n nínú eré wa. Wọ́n pọ̀ bíi rẹ́rẹ. Ohun tí wọ́n ń rí ṣe níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ sì wo bí iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ṣe rí. Eré wa kì í parí. Guiding Light ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò lọ́dún 1937, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1952, ọdún 2009 ló tó kógbá sílé. Ìtàn tí kò lópin ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́jẹ́. Tọkọtaya tó bá ti ń rẹ́rìn-ín síra wọn lówùúrọ̀, ẹ mọ̀ pé a ti ń pète wọn. Inú ilé sì ni ìtàn wa pọ̀ sí, nítorí náà ẹni tó wà nínú ilé ni gbogbo rẹ̀ ń já lé lórí: oyún bàjẹ́, wọ́n jí ọmọ gbé, àbúrò rẹ̀ gba ọkọ rẹ̀. Èmi náà ti jẹ́ kí obìnrin kan gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ rí, nítorí pé òṣèré tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ wá kàn yín.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé kò sí irú ìtàn mìíràn tó ní àyè tó tiwa. Fíìmù ní wákàtí méjì péré. Àwa ní ọ̀la, a ní ọ̀tunla, a ní ọdún tó ń bọ̀. Àwa nìkan la lè fi ìgbátí kan han èèyàn, ká tún fi àárọ̀ ọjọ́ kejì hàn án, àti oṣù kẹta, àti ìgbà tí ara obìnrin náà ṣì ń já bí ẹnìkan bá gbọ́wọ́ sókè lásán. A ní gbogbo àyè yẹn, a sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Èyí tí gbogbo wa máa ń tọ́ka sí ni ti eré General Hospital ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1979, ẹ̀dá ìtàn kan tó ń jẹ́ Luke fipá bá Laura lò pọ̀. Òǹwòran fẹ́ràn àwọn òṣèré méjèèjì pa pọ̀, eré náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1981, wọ́n ṣègbéyàwó, nǹkan bí 30 mílíọ̀nù èèyàn ló sì wò ó. Ìgbà tó di 1998, tí ọmọkùnrin wọn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ni eré náà tó padà sídìí ọ̀rọ̀, tó fi orúkọ tó ń jẹ́ pè é. Ọjọ́ Ajé Laura gba ọdún 19 kó tó dé.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1962, Agnes Nixon ń kọ Guiding Light. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti kú nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ó sì fẹ́ kí Bert, ìyá ilé tí gbogbo òǹwòran mọ̀, lọ ṣe àyẹ̀wò. Onígbọ̀wọ́ àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ, kò gbọdọ̀ dárúkọ ilé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, ó ń yí ọ̀rọ̀ po bí ẹni ń fò kọjá kòtò. Kò sí ìgbátí níbẹ̀, kò sí ìbọn. Obìnrin kan lọ rí dókítà, ó gba èsì, ó tọ́jú ara rẹ̀. Bí mo bá ń to ìtàn tó sú mi, Bert ni mo máa ń rántí.

Agnes Nixon yìí náà ló dá All My Children sílẹ̀, níbi tí Erica Kane ti ṣẹ́yún lọ́dún 1973, ọdún tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fàṣẹ sí i. Erica ń ṣiṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, kò fẹ́ bímọ lásìkò náà, ó pinnu fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2006, àwọn tó ń kọ eré náà nígbà yẹn ní dókítà kò ṣẹ́ oyún náà rárá, pé ṣe ló yọ ọ́ tó gbé e sínú obìnrin mìíràn, ọmọ sì ti di géńdé tó ń rìn kiri inú eré. Ohun yòówù kí ẹ gbà gbọ́ nípa oyún ṣíṣẹ́, ẹ wò ó bí oníṣẹ́: ìpinnu kan tí ẹ̀dá ìtàn ṣe, tó sì gbé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí òǹwòran lè yanu.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdánwò kan tí mo máa ń ṣe fún ara mi hàn yín. Ẹ mú ìwé eré ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀lé orúkọ obìnrin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é sí ìwé tèmi, ojú tì mí. Obìnrin rere mi ń sunkún, ó ń dúró, ó ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń dárí jini. Obìnrin burúkú mi ń rà, ó ń tà, ó ń pe lọ́yà, ó ń buwọ́ lu ìwé, ó ń lé èèyàn níṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú eré náà, ìkà ni mo gbé e fún! Ẹni tí mo ní kí ẹ fẹ́ràn kò mọ ju omijé lọ. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé ìkà náà ni òǹwòran ń dúró dè.

Bẹ́ẹ̀ òǹwòran ń wo ohun tí obìnrin ń ṣe ju ohun tó ń sọ lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan yẹ àwọn eré ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Globo wò ní Brazil, 115 nínú èyí tó jáde láàárín 1965 sí 1999. Nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn obìnrin pàtàkì tí kò tíì kọjá àádọ́ta ọdún, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún kò bímọ kankan, ìdá 21 bí ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti kọ eré rí á fura sí ìdí: ọmọ kékeré ń dí ìtàn lọ́wọ́, ta ni yóò gbé e bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ sá lọ lóru? Àmọ́ níbi tí ìgbì Globo dé, iye ọmọ tí àwọn obìnrin ń bí dín kù. Kò sí ẹ̀dá ìtàn tó dúró tó wàásù fún wọn.

Lẹ́yìn ìbéèrè ọ̀gá wa, mo ṣìnà sí òdìkejì. Mo ní n kò ní jẹ́ kí ohunkóhun ṣe obìnrin kankan mọ́. Mo kọ ọ̀kan tó gbọ́n, tó ní sùúrù, tí kì í ṣàṣìṣe, fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi fúnra mi ń tòògbé nídìí rẹ̀. Kí ìyà jẹ obìnrin nínú eré kò burú, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Kí ó máa purọ́, kí ó jowú, kí ó ṣe ìpinnu tó burú, tirẹ̀ ni kó jẹ́.

Ìran ìgbátí náà, a tún un kọ. A fi ti ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀, ṣùgbọ́n a gbé kámẹ́rà kúrò lójú ọkọ. Èyí ni ọjọ́ Ajé: obìnrin náà ti jí ṣáájú ọkọ. Ó ń ti bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, ó ṣí i, ó tún un tì. Fóònù dún láti ibi iṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó gbé àga tó ṣubú lù dìde, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan ti wọ́. Ó ká bébà, ó fi tì í nísàlẹ̀. Ọkọ wọlé, ó jókòó, àga mì. Ó ní, "Kí ló ṣe àga yìí?" Obìnrin náà wò ó. Ìran parí síbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ yà á, òṣèré náà béèrè lọ́wọ́ olùdarí bóyá kí òun sunkún. Olùdarí wo ojú mi. Mo ní kó kàn máa wo àga. Bébà yẹn wà lábẹ́ àga fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, òǹwòran sì mọ̀ ọ́n.

Coronation Street lo àyè yìí dáadáa lórí ọ̀rọ̀ Yasmeen àti Geoff, ọkọ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Geoff ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ohun tó máa wọ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ lọ́dún 2020. Láti 2015 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka irú ìjẹgàba bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi í han èèyàn nínú ìran kan ṣoṣo. Ó gba kí ẹ ti mọ obìnrin náà nígbà tó ṣì ń sọ tẹnu rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ti àwọn àgbà obìnrin kò gba ẹnu púpọ̀: wọ́n ń wọlé, wọ́n ń gbani nímọ̀ràn, wọ́n ń jáde. Ẹ fún wọn ní gbèsè, ẹ fún wọn ní olólùfẹ́, ẹ fún wọn lẹ́jọ́ tí wọ́n máa rò.

Ó wá ku ti ìgbà tí òṣèré bá fẹ́ lọ. Brookside, eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wa ní Beth Jordache, ọmọbìnrin tí òun àti ìyá rẹ̀ pa bàbá tó ń fìyà jẹ wọ́n, tó sì fẹnu ko obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ní 1994, nígbà tí kò tíì wọ́pọ̀. Òṣèré náà fẹ́ kúrò, wọ́n sì jẹ́ kí Beth kú sínú ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1995, láìjẹ́ kí òǹwòran rí i. Ikú ló yá jù láti kọ, mo mọ̀, mo ti kọ ọ́ rí.

Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wa ń lọ. Àwọn kan nínú yàrá ìtàn fẹ́ kí ọkọ̀ gbá a lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ tèmi kalẹ̀: ó di báàgì kan, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá mú kọ́kọ́rọ́ ilé, ó rò ó, ó fi í sílẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ takisí. Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ la ó jókòó lé e lórí.