Bàbá tó fi ìrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ya òkun

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ọ̀rọ̀ James Dixon ni mo bá sùn lánàá, òun náà ni mo bá jí. Apẹja ni, ọmọ bíbí Tory, erékùṣù kékeré kan ní Donegal ní Írẹ́lándì. Wọ́n bí i ní 1887, ó kú ní 1970. Gígùn ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ. Bí ìjì bá dé lásìkò òtútù, ọkọ̀ kì í rí ibẹ̀ gúnlẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Derek Hill, ayàwòrán ará England, ń ya àwòrán níbẹ̀. Dixon, tó ti tó nǹkan bí ẹni àádọ́rin ọdún, dúró wò ó, ó wá ní òun rò pé òun lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hill ò bínú. Ó fún un ní ọ̀dà àti bébà. Búrọ́ṣì ni bàbá kọ̀: irun ìrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fi ṣe tirẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni àwòrán ọkọ̀ ogun Wasp. Ọkọ̀ yẹn fọ́ mọ́ àpáta Tory ní 1884, ènìyàn 52 ló bá a lọ. Wọn ò tíì bí Dixon nígbà náà, ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ ó yà á. Ó sì máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sójú àwòrán, kí ìtàn má baà sọnù.

Àwọn kan ń pe irú rẹ̀ ní ayàwòrán tí kò kọ́ṣẹ́. Mi ò gbà rárá. Kí apẹja tó ti ọkọ̀ sómi, ó ní láti ka ojú òkun: ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ibi tí àpáta sápamọ́ sí, àwọ̀ tí omi ní kí ìjì tó dé. Bó bá ṣì í kà, ẹ̀mí lọ. Ìgbà wo ni ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ kọ́ni tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ará Tory mìíràn náà gbé búrọ́ṣì. John, arákùnrin rẹ̀, yàwòrán. Patsy Dan Rodgers náà yà, ẹni tó jẹ́ ọba erékùṣù náà títí tó fi wàjà ní 2018, tó máa ń lọ pàdé àlejò ní èbúté fúnra rẹ̀. Ọba tó ń yàwòrán! Iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo máa wá wò lọ́la.